PinePhone: Ṣé Èèyàn Lè Máa Lò Ó Lójoojúmọ́?

Ẹ wo ẹ̀yìn fóònù yìí dáadáa. Ihò tín-ín-rín kan wà ní igun rẹ̀. Mo ki èékánná bọ̀ ọ́, mo sì ṣí i. Bátìrì rèé, ẹ lè fọwọ́ yọ ọ́, bíi tàwọn fóònù ọjọ́sí. Ẹ wá wo òkè níbí: suwíìṣì bíńtín mẹ́fà ló tò tẹ̀lé ara wọn. Ìka ò lè tì wọ́n, igi ìtayín ni mo máa ń lò. Ẹ̀kẹta yìí, tí mo bá tì í báyìí, máíkì ti kú nìyẹn. Kì í ṣe pé áàpù kan ló ń ṣèlérí pé òun ti pa á o. Bí ẹni já wáyà ẹ̀ ni. Kí n má purọ́, inú mi máa ń dùn tí mo bá ń ṣe é.

PinePhone lẹ ń wò yìí, dọ́là 149 ni wọ́n gbé e jáde. Iléeṣẹ́ Pine64 bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ sáwọn tó kọ́kọ́ rà á ní oṣù January 2020, wọ́n sì sọ fún wọn pé àwọn tó ti mọ Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, lò làwọn ṣe é fún. Kóòdù ètò tó ń darí ẹ̀ wà ní gbangba: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, kó kà á, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tún ṣe, kó tún un ṣe. Ti módẹ́ẹ̀mù inú ẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, ò sí ní gbangba tán o, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ ki káàdì mẹ́mórì tẹ́ ẹ kó postmarketOS, irú Linux kan fún fóònù, sí bọ̀ ọ́, òun ló máa gbé wá tẹ́ ẹ bá tàn án. Ẹ yọ ìyẹn, ẹ ki ti Ubuntu Touch, irú Linux mìíràn, bọ̀ ọ́, ó ti di fóònù mìíràn lójú yín.

Ó dáa, ẹnì kan wá pè yín ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Allwinner A64 tó ń ṣiṣẹ́ ọpọlọ fún un ò lágbára, ráàmù eléyìí ò ju 2GB lọ, ó sì ń jẹ bátìrì. Tí wọn ò bá jẹ́ kó sùn fọnfọn, iná ẹ̀ ò ní dalẹ́. Nítorí náà gbogbo ara ẹ̀ ló ń sùn, módẹ́ẹ̀mù nìkan ló ń ṣọ́lé. Ìpè dé. Módẹ́ẹ̀mù kanlẹ̀kùn. Fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nura. Ení, èjì, ẹ̀ta… ojú ẹ̀ ò tíì mọ́lẹ̀. Kó tó dún, ẹni tó ń pè ti lè rò pé ẹ ò fẹ́ gbé e ni. Tó bá wá jẹ́ màmá yín, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́.

WhatsApp ò ní áàpù fún irú Linux yìí. Ètò kan tó ń jẹ́ Waydroid wà tó ń gba Android lálejò sínú ẹ̀, àmọ́ lórí 2GB, ìrìn ìgbín ni. Ti bàǹkì ló burú jù: ọ̀pọ̀ áàpù wọn máa ń wò ó bóyá Google fọwọ́ sí fóònù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, eléyìí ò sì ní ìwé ẹ̀rí yẹn. Kámẹ́rà? Megapixel 5. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Tó bá jẹ́ fóònù kan ṣoṣo lẹ ní, mi ò ní ní kẹ́ ẹ rà á. Tó bá máa jẹ́ ìkejì, tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa tú nǹkan wò, ẹ rà á, ẹ máa gbádùn ẹ̀. Síìmù tí bàǹkì yín mọ̀ ṣá o, ẹ má yọ ọ́ níbi tó wà.