Ìlẹ̀kùn méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì yín

Ẹ ǹlẹ́ o. Sẹ́tíńgì lọ́gíìn la fẹ́ tú wò lónìí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò ọjà la máa ń jókòó tì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, a kì í yà sídìí lọ́gíìn àfi tí nǹkan bá ti bàjẹ́.

Ìlẹ̀kùn méjì lẹ ní. Kọ́sítọ́mà ń gba ọ̀kan wọlé, ẹ̀yin àtàwọn òṣìṣẹ́ yín ń gba ìkejì. Ohun tí mo sì ń rí jù ni pé wọ́n á há tiwájú mọ́ kọ́sítọ́mà, wọ́n á wá ṣí tẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu.

Tiwájú, ẹ jẹ́ kéèyàn lè rajà láì ṣí àkáǹtì rárá. Tó bá jẹ́ WooCommerce lẹ fi gbé ṣọ́ọ̀bù yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Accounts & Privacy, ẹ máa bá a níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí àkáǹtì, ẹ jẹ́ kó lè fi Google wọlé. Google ò ní kó páàsíwọ́ọ̀dù ẹ̀ fún yín o, á kàn jẹ́rìí pé òun gan-an nìyí, èyí sì wù mí púpọ̀ torí páàsíwọ́ọ̀dù tí ò sí lọ́wọ́ yín, ta ló máa rí i jí lọ́dọ̀ yín? Àwọn tó bá sì fẹ́ páàsíwọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kó gùn, ẹ má fipá mú wọn pààrọ̀ ẹ̀ lóṣooṣù, torí 1 àti 2 ni wọ́n á kàn máa lẹ̀ mọ́ ìdí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tí ṣọ́ọ̀bù yín ń sọ tí èèyàn bá ṣì í tẹ̀. Tó bá ní "a ò mọ ímeèlì yìí", olè á máa tẹ ímeèlì lóríṣiríṣi, á fi mọ ẹni tó ní àkáǹtì lọ́dọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kó ní "ímeèlì tàbí páàsíwọ́ọ̀dù ò tọ̀nà", kó mọ síbẹ̀.

Ó wá ku tẹ̀yìn, ibẹ̀ ló ń kó mi láyà sókè. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní kóòdù ìkejì lẹ́yìn páàsíwọ́ọ̀dù, ẹ sì lo áàpù tó ń pèsè ẹ̀, irú Google Authenticator, nọ́ńbà 6 tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 síra, torí tó bá jẹ́ SMS, ẹni tó bá gba síìmù yín mọ́ yín lọ́wọ́ ti gba kóòdù náà nìyẹn. Àwọn kóòdù ìpamọ́ tí wọ́n bá fún yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, torí fóònù lè sọnù.

Ẹ má jọ lo lọ́gíìn kan ṣoṣo. Mo bá obìnrin kan yẹ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wò, ọmọ tó ń bá a ya fọ́tò ti kúrò láti ọdún tó kọjá, lọ́gíìn ẹ̀ ṣì ń ṣí, kì í sì í ṣe fọ́tò nìkan lọwọ́ ẹ̀ ká, ó lè yí àkáǹtì tí owó ọjà ń wọ̀ padà! A yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ dá fídíò yìí dúró ná, ẹ ṣí Users, ibi tí orúkọ àwọn tó ní lọ́gíìn lọ́dọ̀ yín wà, ẹ ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.