Ta Ló Yẹ Ká Yìn Bí Ilé Àtijọ́ Kò Bá Wó?

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin mọ́gàjí agbo ilé gbogbo, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè máa fi ẹ̀yẹ fún àwọn tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ nílùú Ìlọrin. Mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan kan: ìgbà wo lẹ gbọ́ kẹ́yìn pé wọ́n wé láwàní fún ẹnìkan torí pé ó pààrọ̀ páànù ilé bàbá-ńlá rẹ̀? Ẹni tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun là ń pè ní ọmọ tó yẹ bàbá rẹ̀. Ẹni tó ń lẹ amọ̀ mọ́ ògiri àtijọ́, à ní owó ni kò ní. Ọ̀rọ̀ mi kò ju ìyẹn lọ lónìí: ẹ̀yẹ wa kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ wo ìlú Ẹ̀sìẹ́, ní Ìrẹ́pọ̀dùn, ní ìpínlẹ̀ Kwara wa níbí. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà níbẹ̀, òkúta rírọ̀ tó ṣeé gbẹ́: ọkùnrin, obìnrin, àwọn tó jókòó sórí àpótí, àwọn tó di ohun ìjà mú. Bí ẹ bá kà nípa wọn, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni pé Ramshaw, òyìnbó tó ń bẹ ilé-ìwé ìjọ CMS wò, ló fi wọ́n tó ìjọba létí ní 1933. Ní 1945, wọ́n ṣí ilé tí wọ́n kó wọn sí, òun sì ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Ramshaw tó débẹ̀, ta ló ń ro ìdí igi tí àwọn ère náà wà? Ta ló ń ṣe ọdún wọn, tí kò jẹ́ kí ọmọdé sọ wọ́n di ohun ìṣeré? Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ni. Kì í ṣe orúkọ wọn la kọ́kọ́ ń gbọ́.

Ẹlòmíràn á ní òfin ló yẹ kó gbà wá. Òfin wà. Ìjọba lè kéde ilé kan ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, kí ẹnikẹ́ni má lè wó o láìgba àṣẹ. L'Ékòó, ní Tinúbú, wọ́n kọ́ ilé kan ní 1855 tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ilojo Bar. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ló fi wà lábẹ́ òfin.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ilé amọ̀ ṣe ń kú, torí ibẹ̀ la ti ń yin ẹni tí kò yẹ. Bí páànù kò bá yọ síta tó, omi òjò á máa ta padà láti ilẹ̀, á máa jẹ ìdí ògiri díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ilé tó wà l'Ékòó á fowó ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Wọ́n á rẹ́ ẹ, á dán, wọ́n á kùn ún lọ́dà, gbogbo àdúgbò á kí i kú iṣẹ́. Àṣé ìṣòro ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Amọ̀ a máa fa omi, a sì máa tú u sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Sìmẹ́ǹtì ò ní jẹ́ kó tú u sílẹ̀. Amọ̀ a máa wú lójò, a máa sún kì lẹ́ẹ̀rùn. Sìmẹ́ǹtì ò lè bá a sún, á sán. Omi á gba ojú sísán yẹn wọlé, kò ní rọ́nà jáde. Lọ́jọ́ kan sìmẹ́ǹtì náà á ya lulẹ̀, á sì wọ́ amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn dání. Ẹ fi ìka kan ògiri tó kù lẹ́yìn rẹ̀, ó tutù, ó rọ̀ bí àmàlà.

Mọlémọlé tó mọṣẹ́, amọ̀ ló máa ń fi lẹ amọ̀. Á fa páànù síta, á la ọ̀nà omi kúrò ní ìdí ògiri, á sì padà wá wò ó lẹ́yìn òjò. Iṣẹ́ tí kì í tán ni, kì í sì í dán. Ta ló fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀?

Ní Djenné, lórílẹ̀-èdè Mali, amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá wọn ní 1907. Lọ́dọọdún ni ìlú ń tú jáde láti rẹ́ ẹ: àwọn ọ̀dọ́ á máa gbé amọ̀ sáré, àwọn obìnrin á máa pọn omi, àgbà mọlémọlé láá máa pàṣẹ. Ní Charleston, ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni tiwọn. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1920 ti ń fún onílé ní àmì ẹ̀yẹ Carolopolis láti 1953, ara ilé náà gan-an ni wọ́n sì ń kàn án mọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ti Djenné wù mí jù, torí pé níbẹ̀ oníṣẹ́ ló wà níwájú.

Kì í ṣe pé mo ní ká má wó nǹkan kan rárá o. Mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ wa tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1981, èrò ló pọ̀ ju ohun tí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ lè gbà lọ. Ta ni yóò bínú sí ìyẹn?

Ibi tó le jù ni ogún. Bàbá kú, wọ́n pín ilé bí Àlùkùránì ṣe là á sílẹ̀. Ọmọ kú, wọ́n tún pín in. Ta ni yóò ra páànù sórí iyàrá tí kì í ṣe tirẹ̀? Àbá tèmi ni pé kí ìdílé tó bá fẹ́ fi ojú ilé nìkan sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run, ìyẹn ẹnu-ọ̀nà àti gbàgede, kó di ohun tí a kò lè tà, tí a kò sì lè pín mọ́. Ẹ̀yin àáfà wa lẹ mọ bó ṣe yẹ kí á ṣe é.

Arábìnrin kan dìde béèrè pé bí a bá gbé owó ẹ̀yẹ fún agbo ilé kan, ṣé kò ní dìjà? Yóò dìjà, màmá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a má gbé owó fún ẹnikẹ́ni. Kí a ra páànù àti ìṣó, kí a kó wọn wá sí gbàgede lójú gbogbo ilé, kí a san owó mọlémọlé níbẹ̀, kí a sì pe orúkọ òun àti ti mọ́gàjí lórí rédíò.