Gáìdì Fáàfù Tuntun Lórí Síìtì Àtijọ́? Rárá O!

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ṣọ́ọ̀bù wa n'Íléṣà nìyí, ẹ má wo ti ariwo jẹnẹrétọ̀ yẹn.

Ọkọ̀ tó ń jẹ ọ́ìlì la tú tọ́ọ̀pù sílíńdà yìí, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, lára ẹ̀. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Àkúrẹ́, tí dírẹ́bà gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ̀rọ́tù, tó wá tún tẹ̀ ẹ́, èéfín aláwọ̀ aró á bo ẹ̀yìn mọ́tò! Síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì lọ́nà, nìkan ni wọ́n máa ń pààrọ̀. Ó dáa, àmọ́ ẹ fa fáàfù yìí, ìyẹn ìdérí tó ń ṣí tó ń pa kí afẹ́fẹ́ wọlé kí èéfín jáde, sókè díẹ̀, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Ẹ rí i? Ẹnu gáìdì, ìyẹn ọ̀pá oníhò tí ẹsẹ̀ fáàfù ń gbà lọ gbà bọ̀, ti fẹ̀. Síìlì tuntun tẹ́ ẹ bá fi lé e, fáàfù tó ń mì á tètè bà á jẹ́.

Kẹ́ ẹ tó gbá gáìdì jáde, ẹ wọn bó ṣe yọrí sókè tó, ẹ KỌ Ọ́ SÍLẸ̀. Tí tọ́ọ̀pù sílíńdà náà bá jẹ́ alumíníọ̀mù, inú ààrò lẹ máa ti mú un gbóná, bíi 100°C sí 120°C. Kì í ṣe iná wẹ́dà! Iná ojú kan á lọ́ ọ.

Gáìdì tuntun ti wọlé. Apá ọ̀tún nìkan lẹ ó máa yí rímà, irin tẹ́ ẹ fi ń fẹ ihò ẹ̀ dé ìwọ̀n, sí, títí kan ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fà á jáde. Tẹ́ ẹ bá yí i sẹ́yìn, ó kújú.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé. Àwọn kan á ti gbé gíráńdìn pésìtì tí wọ́n fi ń lọ irin, wọ́n á máa fi fáàfù lọ síìtì àtijọ́, ìyẹn ojú tí fáàfù ń jókòó lé. RÁRÁ! Gáìdì tuntun ti gbé fáàfù kúrò lójú ọ̀nà tó ń tọ̀ tẹ́lẹ̀, síìtì ò sì kúrò níbi tó wà. Pésìtì ò lè tún ìyẹn ṣe láéláé. Ẹ GÉ SÍÌTÌ NÁÀ! Ẹ ki pílọ́tì, ọ̀pá irin tóóró, bọ inú gáìdì TUNTUN, òun ló máa tọ́ ọ̀bẹ tẹ́ ẹ fi ń gé e. Dígíríì 45 ni wọ́n ń gé ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sí, àmọ́ ẹ wo ti ọkọ̀ yín.

Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà mọ Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ àwìn. Láyé àtijọ́, tó bá wá gbowó aṣọ ẹ̀, á lóṣòó pa sẹ́nu ọ̀nà, onígbèsè ò ní ríbi gbà. Bàbá ìyá mi ṣe é, ẹsẹ̀ kì í ro wọ́n! Bí fáàfù ṣe gbọ́dọ̀ jókòó nìyẹn. Tó bá fì pẹ́nrẹ́n, iná á gba ibẹ̀ jáde, á jẹ etí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá gé síìtì tán, tẹ́ ẹ dá fáàfù padà, ẹ da pẹtiróòlù díẹ̀ sínú ihò lẹ́yìn fáàfù. Tó bá ń sun jáde lábẹ́, ẹ padà sídìí síìtì. Tí ò bá sun, ẹ fọ gbogbo èérún irin kúrò, kẹ́ ẹ wá fi síìlì sí i.