Ohun Tí Ẹ̀rọ Ọlọ́pàá Ń Kà Lára Káàdì Yín

Ọlọ́pàá gba káàdì ìdánimọ̀ yín, ó yí i sẹ́yìn, ó fi í sábẹ́ ẹ̀rọ kékeré kan. Kì í ṣe fọ́tò ni ẹ̀rọ náà ń wò. Ìlà mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ ló ń kà, lẹ́tà 30 ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ti ìwé ìrìnnà jẹ́ ìlà méjì, 44 ní ìkọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ọjọ́ ìbí yìí: 12 oṣù kẹjọ, 1974. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ síbẹ̀ ni 740812, kí 2 tó tẹ̀lé e. Níbo ni 2 ti wá? Ẹ fi 7, 3, 1 sọ nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di púpọ̀ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ro ó pọ̀, 122 ni. 2 tó kẹ́yìn ni ẹ̀rí. Ẹni tó bá yí ọdún padà láì tún ẹ̀rí ṣe, ẹ̀rọ sábà máa ń tú u fó. Àmọ́ káàdì tó ti họ náà, ẹ̀rọ lè kọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó.

Orúkọ gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. A dé Z, 0 dé 9 àti àmì < nìkan ni ìlà yẹn gbà. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà. Tí akọ̀wé kan bá kọ Sola, tí òmíràn kọ Shola, ẹni méjì ni lójú ẹ̀rọ.

Ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ tún káàdì ṣe o. Inú ìwé ìbí ni wọ́n sábà máa ń ti fa orúkọ yọ, àṣìṣe ibẹ̀ sì lè tún padà wá nígbà tẹ́ ẹ bá gba òmíràn. Ìwé ìbí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹni tí kò ní rárá kò dá wà: UNICEF sọ ní 2024 pé kárí ayé, nǹkan bíi 150 mílíọ̀nù ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni wọn ò forúkọ ìbí wọn sílẹ̀. Ẹ wá káàdì àjẹsára, ìwé ilé ìwé, àti àgbàlagbà tó mọ̀ nígbà tí wọ́n bí yín. Ibi tó máa ń há sí ni pé wọ́n lè béèrè káàdì òbí, tí òbí náà ò sì ní.

Tẹ́ ẹ bá ti béèrè fún káàdì, ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà, ọjọ́ àti òǹtẹ̀. Títí káàdì yóò fi jáde, òun lẹ máa fi han ọlọ́pàá. Kò rọ́pò káàdì, àmọ́ ọlọ́pàá lè fi nọ́ńbà yẹn wá orúkọ yín. Ẹ sọ fún un kẹ́ ẹ tó ti ọwọ́ bọ àpò.

Òfin kò sì dọ́gba. Ní Jámánì, ọmọ onílẹ̀ tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní káàdì tàbí ìwé ìrìnnà, ṣùgbọ́n òfin kò ní kó máa gbé e kiri.