Spectator: Ta Ni Wọ́n Ń Pè Bẹ́ẹ̀ Gan-an?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo la fẹ́ tú lónìí: spectator. Òǹwòran ni, ẹ ti mọ ìyẹn, ẹ jẹ́ ká kọjá.

Ibi tó ti ń dojú rú ni pé òǹwòran tiwa gbòòrò ju tiwọn lọ. Ẹni tó lọ wo bọ́ọ̀lù, òǹwòran. Ẹni tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, òǹwòran. Ẹni tó dúró wo ìjà ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn níbí, òǹwòran náà ni. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀!

Ẹ bá mi ká lọ sí Liberty Stadium, níbí ní Òkè-Àdó, lọ́jọ́ 10 oṣù kẹjọ, ọdún 1963. Dick Tiger tiwa ń bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ja ẹ̀ṣẹ́, bẹ́líìtì àgbáyé ni wọ́n ń dù. Ìpele keje parí, àwọn èèyàn Fullmer ní kò ní jáde fún ìkẹjọ mọ́. Ha! Bí mo bá ń sọ ọ́, orí mi a máa wú. Àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n wọlé, tí wọ́n fojú ara wọn rí òógùn lára Tiger, àwọn yẹn ni SPECTATOR. Ẹni tó bá wo ìjà nílé lórí tẹlifíṣọ̀n, viewer ni. Viewer ò sì ṣàjèjì ní Ìbàdàn, àwa la ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV láti 1959.

Ó GBỌ́DỌ̀ DÉBẸ̀. Ohun tó ń wò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n dìídì ṣe fún wíwò. Ẹ gbọ́ mi? Ó GBỌ́DỌ̀ DÉBẸ̀!

Àbúrò mi kọ àròkọ nípa ọkọ̀ tó dànù ní Challenge, ó ní "many spectators were crying". Ó dùn mí. Ta ló ń jáde nílé lọ wo ìjàm̀bá? Onlooker ni wọ́n, ẹsẹ̀ ló ṣèèṣì gbé wọn débẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá pe ọ̀kan láti wá ro ohun tó rí, ó di witness, ẹlẹ́rìí nìyẹn.

Tí ẹ bá múra jáde lọ wo eégún Alápáǹsánpá, spectator ni yín. Ìyá ẹlẹ́kọ tó jókòó ti igbá rẹ̀, tí eégún já lù láìròtẹ́lẹ̀, onlooker ni ìyá yẹn.

Audience ńkọ́? Látìn ló bí àwọn méjèèjì: spectare, kéèyàn máa wo nǹkan, audire, kéèyàn gbọ́. Ẹni tó lọ sí Arts Theatre ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré ló lọ gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn lápapọ̀ ló ń jẹ́ audience, kì í ṣe ẹnì kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé "I was an audience" mọ́. "I was in the audience" ni kẹ́ ẹ wí.