Owó Ń Yí, Òṣùwọ̀n Kì í Yí: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìdíyelé Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe nìyí fún àwọn bíríkìlà, fọ́máànù àtàwọn tó ń kọ́lé lọ́wọ́, ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Mo tún un tò díẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò yọ àwàdà kúrò.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dárúkọ iye náírà kankan lónìí. (Ẹnìkan láti ẹ̀yìn: "Ta ni yóò wá sọ ọ́ fún wa?") Ọjà ni yóò sọ ọ́ fún yín. Iye tí mo bá dá láàárọ̀ yìí, ẹ lè dé ìsọ̀ onísìmẹ́ńtì lálẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ọjà kò lè yí ni mo bá wá.

Ẹ mọ àwọn ọ̀gá tó ń fojú díye lé ilé. Ọ̀gá yóò dé orí ilẹ̀, yóò káwọ́ sẹ́yìn, yóò rìn lọ, yóò rìn bọ̀, yóò gbójú sókè bí ẹni tó ń wo òjò. Yóò wá ní, "Yàrá mẹ́ta, pálọ̀ kan? Ẹ mú báyìí wá." Onílé á ní kó dín in, ọ̀gá á dín in. Kí ló yọ kúrò nínú ilé náà tí owó fi dín? Ṣé sìmẹ́ńtì ni? Ṣé irin ni? Òun alára ò mọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé lẹ́ńtù (kọnkéré orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé) tí owó bá tán, ìjọba ni yóò kọ́kọ́ bú, yóò bú onísìmẹ́ńtì tẹ̀lé e, yóò sì wá fi ọ̀rọ̀ náà ti àwọn àǹtí onílé tí ojú wọn le. (Ẹ̀rín.)

Mi ò sọ pé sìmẹ́ńtì ò wọ́n o. Ohun tí mò ń sọ ni pé bó bá jẹ́ iye kan ṣoṣo gbàǹgbà lẹ kọ sínú ìwé, ẹ ò ní mọ èyí tó wọ́n yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n jí kó. Ẹ kọ òṣùwọ̀n sí apá kan, kí ẹ kọ owó sí apá kejì. Lọ́jọ́ tí ọjà bá yí, apá kejì nìkan lẹ máa tún kọ.

Ẹ jẹ́ ká mú kọnkéré, kúbíìkì mítà kan (gígùn mítà 1, fífẹ̀ mítà 1, gíga mítà 1), 1:2:4: sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 2, gránáìtì 4. Bí ẹ bá kó wọn jọ ní gbígbẹ, tí ẹ wá po wọ́n mọ́ omi, wọn á sún kì, torí yanrìn ń wọ àárín òkúta, sìmẹ́ńtì ń wọ àárín yanrìn. Kí kúbíìkì mítà 1 tó jáde, gbígbẹ rẹ̀ ní láti tó 1.54. 1, 2 àti 4 jẹ́ 7; ẹ pín in sí 7, ìpín sìmẹ́ńtì di 0.22. Kúbíìkì mítà sìmẹ́ńtì kan ń wọn 1,440 kílò, ìyẹn ni pé 0.22 yẹn ń lọ sí 317 kílò. Àpò wa jẹ́ 50 kílò. Àpò 6 àti díẹ̀ nìyẹn, bí ẹ bá sì fi 5 nínú 100 kún un fún èyí tó máa dà nù, 6.7 lẹ máa kọ. Yanrìn 0.44, gránáìtì 0.88.

Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀ yẹn, alájà 26, ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀. Pọ́n-ùn là ń ná nígbà náà, 1973 ni náírà dé. Ẹ ka iye ìgbà tí owó ti yí láti ìgbà yẹn, bí ẹ bá lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá po 1:2:4 ní 1965, nǹkan bí 317 kílò náà ni kúbíìkì mítà rẹ̀ jẹ.

Mo sì mọ ohun tí àwọn kan ń rò bí mo ṣe ń pe 1:2:4. Àpò sìmẹ́ńtì 1, bárò yanrìn 2, bárò gránáìtì 4. (Ẹ̀rín.) Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín torí ẹ̀yin náà ń ṣe é! Àpò kan, bí ẹ bá tú u jáde, nǹkan bíi lítà 35 ni. Bárò tí ẹ fi ń kó yanrìn, bí ẹ bá tiẹ̀ fi pákó gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ó ń lọ sí lítà 65. Ti èyí tí wọ́n kó gègèrè ńkọ́? Ohun tí ẹ pò yẹn ti ń di 1:4:8. Ẹ ti fi sìmẹ́ńtì iṣẹ́ kan ṣe iṣẹ́ méjì, ẹ sì lọ sọ fún onílé pé ẹ bá a ṣọ́ owó ná. Hẹ́dípáànù méjì ni àpò kan. Nítorí náà: àpò 1, hẹ́dípáànù yanrìn 4, ti gránáìtì 8. Èyí tí mo fi gbogbo ẹnu sọ nìyí, kódà bí ẹ bá sùn nínú ìyókù.

Ó ku owó iṣẹ́. Búlọ́ọ̀kù 450 sí 225 mìlímítà, 10 ni mítà onígun mẹ́rin kan ń gbà, pẹ̀lú èyí tó máa fọ́. Ògiri mítà 4 sí mítà 3, búlọ́ọ̀kù 120. Bí ilẹ̀kùn 0.9 sí 2.1 bá wà nínú rẹ̀, ẹ yọ 19. Ìyẹn rọrùn. Ó wá ku ẹni tó máa tò ó. Ká ní bíríkìlà 2 àti lébìrà 3 ń to mítà onígun mẹ́rin 20 lóòjọ́. Ẹ kó owó ojúmọ́ gbogbo wọn jọ, ẹ pín in sí 20. Bó bá jẹ́ 12 ni wọ́n tò ńkọ́? Owó iṣẹ́ lórí mítà kan ti fi ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ sókè, bẹ́ẹ̀ bíríkìlà ò fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀. Ibí yìí ni ìdíyelé ti ń kú jù lọ, kì í ṣe lọ́dọ̀ onísìmẹ́ńtì.

Mo fẹ́ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ èrè nígbà tí ìyá kan dìde. Ó ní Apẹtẹ lòun ti ń bá àwọn bíríkìlà ṣiṣẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti ka sìmẹ́ńtì, ẹ ti ka yanrìn, ẹ ti ka òkúta. Ta ló ń sanwó omi?"

Gbogbo ilé pariwo. Mo ní, "Ìyá, onílé ni." Ó ní, "Irọ́ ni, ọ̀gá. Àwa lébìrà là ń san án. Bí kànga bá gbẹ, ọ̀kan nínú lébìrà 3 tí ẹ kà yẹn ló ń lọ sáré omi látàárọ̀. Ṣé 20 yín á ṣì pé 20?"

Mo pa ohun tó kù lórí pátákó rẹ́. Kúbíìkì mítà kọnkéré tí a ṣírò yẹn nílò nǹkan bíi lítà 175, kéègì onílítà 25 méje. Ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀. Omi púpọ̀ ń mú kó rọrùn láti dà, ó sì ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Dẹ́kìn (kọnkéré pẹrẹsẹ tó ń di àjà ilé) tí ẹ bá dà tán, ẹ ó máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Fífọ irinṣẹ́ ńkọ́? Rírin búlọ́ọ̀kù nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ńkọ́? Mélòó nínú yín ló ní ìlà kan fún omi nínú ìwé ìdíyelé rẹ̀? (Ọwọ́ méjì gòkè. Ọ̀kan nínú wọn ń yún orí ni.)

Ìyá ti sọ ọ́: 317 kílò ò yí, ṣùgbọ́n ẹ má yá 20 lò láti orí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ilẹ̀ tí omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n ìṣiṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn; èyí tí táńkà ò lè wọ̀, tirẹ̀ yàtọ̀. Òṣù Kejì yàtọ̀ sí òṣù Kẹfà. Kí fọ́máànù ra ìwé kékeré kan, kó máa kọ ọ́ lálaalẹ́: ènìyàn mélòó, búlọ́ọ̀kù mélòó, ta ló pọnmi. Òjò náà ní tirẹ̀. Yanrìn tó tutù díẹ̀ máa ń wú, ó lè fi ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ ju gbígbẹ rẹ̀ lọ. Típà kún o, yanrìn ò pé.

Alága ti ń fi aago hàn mí, nítorí náà mo sáré. Irin: ẹ fi mìlímítà ìnípọn rẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀ (12 lọ́nà 12), ẹ pín in sí 162, kílò mítà kan nìyẹn. Irin 12 jẹ́ 0.89. Bí ẹ bá fi kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìnípọn, wọ̀n ọ́n tó jẹ́ 11, ó ti di 0.75. Ẹ fi téèpù wọn gígùn rẹ̀ náà, kí ẹ tó gbà pé mítà 12 ni. Ìpìlẹ̀: iye tó wà nínú ìwé jẹ́ àfojúsùn, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn tí ẹ bá gbẹ́ ẹ tán, ẹni tó sì ra ilẹ̀ létí odò, ẹ mọ ọ̀rọ̀ odò Ògùnpa tó kún ya wọ ìlú n'Íbàdàn ní 1980, mi ò ní tún un sọ. Èrè àti ìnáwó ọ́fíìsì: mo ti rí 15 nínú 100, mo ti rí 25. Èyí tó wù yín lẹ lè fi sí i, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sójútáyé, ẹ má fi pamọ́ sínú sìmẹ́ńtì.

Ìbéèrè ìkẹyìn wá láti ọ̀dọ̀ bàbá onílé kan: "Bí agbaṣẹ́ṣe mi bá ní àṣírí iṣẹ́ òun ni, pé òun ò lè fi bó ṣe ṣírò rẹ̀ hàn mí ńkọ́?"

Bàbá, ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó fi owó rẹ̀ pamọ́, kó sáà kọ iye àpò, iye típà, iye irin àti iye ọjọ́ iṣẹ́ fún yín. Bí kò bá lè kọ ìyẹn náà, kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Kò tíì ṣírò rẹ̀ ni.