Orí Àga Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Ṣètò NOC Tó Wúlò, Tó sì Wuyì

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń bi mí: "Ọ̀gá, ilé iṣẹ́ wa fẹ́ ṣe NOC, irú sikirínì wo ni ká rà?" NOC ni yàrá tí òṣìṣẹ́ ti ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ìdáhùn mi kò yí padà. Ẹ má tíì ra sikirínì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi: Ẹ MÁ TÍÌ RA SIKIRÍNÌ KANKAN! Ẹ wá àga kan, ẹ gbé e sínú yàrá tó ṣófo yẹn, kí ẹ jókòó sórí rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko.

Mo mọ̀ pé ọ̀gá yín ti rí fọ́tò NOC kan lórí fóònù, ó sì ti ní irú rẹ̀ gan-an lòun ń fẹ́. Kò burú. Èmi náà fẹ́ kó rẹwà. Yàrá tó dára máa ń jẹ́ kí oníbàárà fọkàn tán wa, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru mọ̀ pé iṣẹ́ òun níyì. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tó jókòó sórí àga yẹn ni ẹwà náà ti gbọ́dọ̀ wá, kì í ṣe ojú ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fídíò yìí ti mọ ohun tí NOC jẹ́, n kò ní tún un sọ. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ rántí. Ní 1962, AT&T, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Amẹ́ríkà, ti ní yàrá ìṣọ́ ní New York tó ní pátákó lára ògiri, tó ń fi hàn wọ́n bí ìpè tẹlifóònù ṣe ń lọ káàkiri Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1977, wọ́n ṣí NOC sí Bedminster ní New Jersey. Kí ni ògiri yẹn wà fún? Tí ọ̀nà kan bá dí, wọ́n á rí i lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì darí ìpè gba ọ̀nà mìíràn. Ògiri náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe! Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fara wé wọn lónìí, ògiri ni wọ́n mú, wọ́n gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí àga wa. Aago mẹ́ta òru ti lù. Ẹni tó jókòó níbẹ̀, kí ló fẹ́ mọ̀? Ó fẹ́ mọ ohun tó bàjẹ́, ó sì fẹ́ mọ ẹni tó ń jìyà rẹ̀. Ó tán. Gbogbo ìyókù, orí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀ ni kó ti lọ wá a. KÌ Í ṢE LÁRA ÒGIRI.

Ibí yìí gan-an ni gbogbo ènìyàn ti ń ṣì í, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Mo ti ṣiṣẹ́ òru rí ní ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Sikirínì méjìlá ló wà lára ògiri, mẹ́rin ní ìbú, mẹ́ta ní òró. Àlejò tó bá wọlé á lanu sílẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, gbogbo ògiri náà ṣàdédé pọ́n bí osùn. Router, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí íntánẹ́ẹ̀tì, tó lé ní igba ló ń ké pé àwọn ti kú. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. À ń sáré látorí èyí bọ́ sórí ìyẹn, à ń jí àwọn ẹlẹ́ńjìnníà lójú oorun. Àṣé kò sí router kankan tó kú. Bátìrì ibùdó kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń gbà kọjá ló tán.

Ohun tó dùn mí jù kò ju èyí lọ: ìkìlọ̀ bátìrì yẹn ti wà lára ògiri fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí ohunkóhun tó pọ́n. Inú àpótí kékeré kan ló wà, nísàlẹ̀ pátápátá, lápá ọ̀tún. Lẹ́tà rẹ̀ kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, ìkòkò òdòdó tí wọ́n fi ṣe yàrá lẹ́ṣọ̀ọ́ ló sì wà níwájú rẹ̀. Oníbàárà ló wá pè wá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iná ti lọ níbùdó yín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa láti ìrọ̀lẹ́, a ò sì gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ yín." Oníbàárà ló sọ fún wa o! Àwa tí a jókòó níwájú sikirínì méjìlá!

Nítorí náà, ẹ gbé tépù ìwọ̀n wá. Ẹ wọn àga tó jìnnà sí ògiri jù lọ, ẹ fi 200 pín ohun tí ẹ bá rí. Èsì yẹn ni gíga lẹ́tà tó kéré jù lọ tó lè wà lára ògiri yín. Tí àga ẹ̀yìn bá wà ní mítà 6, lẹ́tà yín kò gbọdọ̀ kéré sí mìlímítà 30. Ẹ wo àtàǹpàkò yín, láti ṣóńṣó rẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́: bó ṣe gùn tó nìyẹn. Tó bá jẹ́ mítà 8, ó di mìlímítà 40.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Sikirínì ínǹṣì 55 ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 68. Tí lẹ́tà bá jẹ́ mìlímítà 30, tí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sáàárín ìlà kan sí èkejì, ìlà bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò gbà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré! Ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò yìí kò tún ní kó ogójì àwòrán sójú ẹyọ sikirínì kan mọ́. Ẹ TÚN UN GBỌ́: fi igba pín jíjìnnà rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbi kan.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀, torí ìlù jẹ́ ohun tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹ ti rí àwọn onídùndún níbi ìnáwó. Gúdúgúdú ń dún, kẹríkẹrì ń dún, ìṣáájú ń dún, wọn kò sinmi. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ń tún lù, etí ti gbà á, ọkàn ti balẹ̀ sí i. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Bó ṣe fi oríkì ilé yín bọnu báyìí, bí ẹ tiẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́, ẹ ó gbórí sókè. Bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń kì yín lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo lásán ni ẹ ó gbọ́. Ògiri NOC gbọ́dọ̀ ní ìyáàlù kan, ẹyọ kan, láàárín gbùngbùn, ní ọ̀gángán ojú. Kí àwọn yòókù máa lù lábẹ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn tó ń fi àwọ̀ ewé kun gbogbo ògiri jà. Tí nǹkan bá ń lọ déédéé, kí ni ẹ fẹ́ kí ojú máa wò? Ẹ jẹ́ kí ògiri náà jẹ́ aláwọ̀ eérú, kó tutù, kó dákẹ́. Lọ́jọ́ tí pupa bá wá yọ lórí eérú yẹn, ẹni tó tiẹ̀ ń tòògbé á rí i. Ẹ má sì fi àwọ̀ nìkan sọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin kan wà tí ojú wọn kò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé, wọ́n sì lè wà lára òṣìṣẹ́ yín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ fi àmì sí i, ẹ fi ọ̀rọ̀ sí i.

Ẹ tún dín ariwo kù láti orísun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ EEMUA ní ìwé ìlànà kan lórí ìkìlọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ni 191. Ilé ìfọpo àti irú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n ó bá wa mu gan-an. Wọ́n ní tí nǹkan bá fara rọ, ìkìlọ̀ kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó ẹnì kan. Tó bá ti lé ní mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omíyalé ti dé nìyẹn. Ẹ lọ wo tiyín lálẹ́ òní! Ẹ so router kọ̀ọ̀kan mọ́ ibùdó tó ń gbà kọjá nínú ètò ìṣọ́ yín. Àwọn ètò ìṣọ́ bíi Zabbix àti Nagios ń ṣe é. Tí ibùdó bá kú, ìkìlọ̀ kan ni kó jáde, kì í ṣe igba. Ká ní a ti ṣe bẹ́ẹ̀ lóru ọjọ́ tí mo wí, à bá ti rí bátìrì yẹn.

Ó dáa. Kí ló wá yẹ kó jẹ́ ìyáàlù? Fún ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó wà ní Èkó, n ó sọ èyí tó wù mí jù: àwòrán ilẹ̀ tó fi okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá hàn. Ẹ rántí 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, gbogbo wọn ló já lọ́jọ́ náà nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì fà kalẹ̀, owó kò ṣe é fi ránṣẹ́ ní báńkì. Equiano, okùn mìíràn tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, kò já. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó wà nínú NOC lọ́jọ́ yẹn ni pé: ọ̀nà wo ló ṣẹ́kù, báwo ló sì ṣe kún tó?

Ẹ wá fojú inú wò ó lára ògiri. Èkó wà níbẹ̀, òkun wà níbẹ̀, okùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlà kan tó ń wọ èbúté. Bí ẹrù, ìyẹn dátà tó ń kọjá, bá ṣe pọ̀ tó lórí okùn ni ìlà rẹ̀ ṣe máa nípọn tó. Èyí tó bá já, á di ìlà gígé, orúkọ rẹ̀ á sì hàn lẹ́tà gàdàgbà. Ọ̀gá tó wọlé lójijì á yé e láì béèrè. Àlejò á ya fọ́tò. Ẹni tó jókòó á mọ ibi tí yóò darí ẹrù sí. Ohun kan náà ló ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn! Ẹwà tí mò ń wí látàárọ̀ nìyẹn.

Ní ti àlejò, níbo ni kí wọ́n dúró? Nínú agbo ilé wa láyé àtijọ́, ojúde ni àlejò ń jókòó sí. Kì í gba inú ìyẹ̀wù kọjá. Ẹ ṣe ojúde fún NOC yín. Ẹ fi gíláàsì ya ẹ̀yìn yàrá sọ́tọ̀, kí ilẹ̀ ibẹ̀ ga díẹ̀ kí wọ́n lè rí ògiri lórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ lẹ orúkọ ilé iṣẹ́ mọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ tan iná aláràbarà sí. Àárín ògiri kọ́ ni ibi orúkọ ilé iṣẹ́.

Àwọn ìyókù, n ó sáré sọ wọ́n. Iná inú yàrá gbọ́dọ̀ ṣe é dín kù, kó má sì tàn padà lójú sikirínì. Fèrèsé kò gbọdọ̀ kọjú sí ògiri. Ìsàlẹ̀ ògiri gbọ́dọ̀ ga ju orí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú lọ, ṣùgbọ́n kí òkè rẹ̀ má ga débi pé ọrùn á máa ro òṣìṣẹ́. Ẹ má gbé server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pa dátà mọ́, sínú yàrá kan náà pẹ̀lú ènìyàn. Ariwo rẹ̀ ń rẹ ènìyàn, otútù tó sì ń fẹ́ kọ́ ni ara wa ń fẹ́. Tẹlifíṣàn pálọ̀ kì í ṣe sikirínì NOC: wọn kò ṣe é fún kó máa tàn tọ̀sán-tòru. Àga nkọ́? Àga tí ènìyàn mẹ́ta ń gbà jókòó lọ́wọ́ ara wọn láàárín wákàtí 24 kì í ṣe àga ọ́fíìsì lásán. Ẹ náwó síbẹ̀ kí ẹ tó náwó sí ògiri. ẸNI TÍ Ẹ̀YÌN Ń DÙN KÒ LÈ ṢỌ́ NǸKAN.

Ọ̀rọ̀ iná ìjọba ló kù. Ẹ̀yin tó wà ní Nàìjíríà, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ má so ògiri àti kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ mọ́ ẹ̀rọ bátìrì kan náà. Ògiri ń jẹ iná gan-an. Tí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀, ògiri ni kó kọ́kọ́ kú, kí kọ̀ǹpútà àti fóònù àwọn òṣìṣẹ́ ṣì máa ṣiṣẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe é lódìkejì: ògiri ń tàn yòò, ẹni tó yẹ kó tún nǹkan ṣe jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó ti kú.

Torí náà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá ṣí i, ẹ wá lóru. Ẹ pa iná ìjọba, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ pa ògiri náà. Ẹ ní kí ẹnì kan yọ wáyà fáíbà kan níbi tí ẹ kò mọ̀. Ẹ jókòó sórí àga ẹ̀yìn, ẹ ka ìṣẹ́jú títí ẹ ó fi mọ ibi tó wà. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ògiri, ẹ jẹ́ kó yọ wáyà mìíràn, ẹ tún kà á. Tí ìṣẹ́jú kejì kò bá kéré sí ti àkọ́kọ́, a jẹ́ pé ògiri yín kò tíì ṣe tán.

Ẹ fi ìṣẹ́jú méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ fi fọ́tò ògiri yín tì í. Orí àga ẹ̀yìn ni kí ẹ ti yà á o, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà.